Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka: ṣé lóòótọ́ ni kì í sọ òótọ́ fún aláwọ̀ dúdú?

Omo_Oroki (Òkè-Fìà)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ìbéèrè ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ikọ́ ti ń bá ìyá ìyàwó mi fínra. Kẹ́mísìtì àdúgbò ti fún wọn lóògùn ibà, ó ti fún wọn ní ti taifọ́ọ̀dù, agbo náà ò sì gbẹ́yìn. Nígbà tó di Sátidé, wọn ò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ kí èémí tó já mọ́ wọn lẹ́nu. La bá gbé wọn, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì há nǹkan kékeré kan tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ wọn níka, ó ní 93 ni, kò burú. Dókítà tó wọlé lẹ́yìn náà kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wo nọ́ńbà yẹn. Ìhà màámi ló ń wò, bó ṣe ń wọnú tó ń jáde. Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ wọn. Èsì dé: 86.

Wọ́n ti fi wọ́n sórí ọ́síjìn, ara ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà yẹn ní ẹ̀rọ ìka máa ń ṣi iye sọ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé ẹ̀rọ kì í mọ àwọ̀ ẹni. Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?

Jagun_Manchester

Dókítà yẹn ò purọ́. Ẹ bá mi kí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni mí, ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹ̀rọ yẹn la sì ń lò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: iná méjì ló ń tàn gba inú ìka kọjá, pupa kan, àti èkejì tí ojú èèyàn ò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn dání àti èyí tí kò gbé e kì í gba iná méjèèjì mọ́ra bákan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń ṣírò. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan, ló gbé ọgbọ́n yẹn jáde ní 1974. Ibi tí wàhálà wà ni pé ohun tó mú àwọ̀ wa dúdú náà ń gba nínú iná ọ̀hún mọ́ra, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ti sábà máa ń dán ẹ̀rọ náà wò kí wọ́n tó kó o jáde fún títà.

Lóṣù kejìlá 2020, àwọn dókítà kan ní Michigan, Amẹ́ríkà, gbé iye tí ẹ̀rọ sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ̀jẹ̀ gan-an sọ. Níbi tí ẹ̀rọ ti ní ó wà láàárín 92 sí 96, tí òtítọ́ ibẹ̀ ò sì tó 88, wọ́n rí 11.7% lára àwọn aláwọ̀ dúdú, 3.6% lára àwọn aláwọ̀ funfun. Ká má tan ara wa, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ màámi bọ́ sínú ẹ̀ géérégé.

Oṣù kìíní 2025 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àbá jáde pé kí àwọn tó ń ṣe é máa dán an wò lára oríṣiríṣi àwọ̀. Láti 1974 o!

Noosi_Ale

Ẹ ṣé, Jagun. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ju tiẹ̀ nù. Ẹni tó ní in sàn ju ẹni tí kò ní lọ, ó kàn yẹ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni.

Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Laali dúdú tí wọ́n ń lé fún ìyàwó lè dí iná ẹ̀rọ náà pa, ẹ wá ìka tí kò sí laali lára ẹ̀. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ ra á kó móoru. Ẹ má ka nọ́ńbà tó kọ́kọ́ yọ, ẹ ní sùúrù kó dúró sójú kan. Tí ó bá wá ń sọ 92 tàbí 93 fún ẹni tó ń mí gúlegúle, ẹni tó ń mí yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ti ọmọdé kò tiẹ̀ nílò ẹ̀rọ láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò bá sunkún, ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó mí tó 50, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 5 tó mí tó 40, ìyẹn ti ń yára jù. Tí ìsàlẹ̀ àyà bá wá ń wọnú bó ṣe ń fà á, ẹ gbé e dìde lóru yẹn. Ẹ má dúró de pé kí ètè rẹ̀ dúdú, ara wa kì í tètè fi ìyẹn hàn. Ahọ́n àti inú ètè ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Omo_Oroki, mo ní ìbéèrè. Oògùn taifọ́ọ̀dù tí kẹ́mísìtì fún màámi, kí lorúkọ ẹ̀?

Omo_Oroki

Sípírò ni. Ó tún po àwọn hóró funfun kéékèèké kan pọ̀ sínú ọ̀rá, a ò mọ orúkọ tiwọn. Ara wọn tiẹ̀ yá díẹ̀ nígbà yẹn, oúnjẹ ń wọlé, ká tó tún padà síbi ikọ́.

Noosi_Ale

Mo mọ̀ ọ́n! Hóró funfun yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dẹ́sà (dexamethasone). Òun ló ń jẹ́ kí oúnjẹ máa wọlé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì kún. Kò wo ikọ́ kankan sàn. Sípírò ní tiẹ̀ wà lára ìdílé oògùn tó máa ń tẹ kòkòrò ikọ́ ife lórí ba fúngbà díẹ̀ láì pa á. Aláìsàn á ní òun ti gbádùn, àyẹ̀wò lè má tètè rí i, ikọ́ á tún padà dé. Ẹ ti fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ikọ́ ife?

Jagun_Manchester

Ẹ dúró, kí n fi tèmi lé ọ̀rọ̀ dẹ́sà. Òun kan náà ni oògùn tó gba ẹ̀mí àwọn èèyàn là nígbà Kòrónà. Lóṣù kẹfà 2020 ni àwọn ará Oxford kéde rẹ̀: nínú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí, ó dín iye tó ń kú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, nínú àwọn tó ń gba ọ́síjìn lásán, ìdá kan nínú márùn-ún. Oògùn tí kò wọ́n, tó ti wà látijọ́! Ṣùgbọ́n àwọn tí kò nílò ọ́síjìn ò rí èrè kankan nínú ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń rà á ní Ìgbóònà nítorí ikọ́ tàbí nítorí kó lè sanra, ọ̀nà ni kò mọ̀.

Baba_Risi (Àyétòrò)

Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ, ẹ̀rọ. Gbogbo yín ń sọ ẹ̀rọ, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ iná. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ọ́síjìn nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, NẸ́PÀ mú iná, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sì ti lọ jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Manchester, irú ẹ̀ ò lè yé yín.

Adari_Ojule (alábòójútó)

Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ ò dárúkọ. Kí gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹjọ́ ń bẹ nílẹ̀, owó lọ́yà ò sí.

Enjinia_Atunse

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Baba Risi. Èmi ni mo máa ń tún àwọn ẹ̀rọ yẹn ṣe káàkiri Ọ̀ṣun. Oríṣi ọ́síjìn méjì ló pọ̀ níbí. Èyí tó wà nínú sílíńdà kò nílò iná, àmọ́ ó ń tán, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ rọ ọ́ padà. Èkejì ń fa afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá, ó ń sẹ́ náítírójìn kúrò nínú ẹ̀, ó sì ń tú ọ́síjìn tó tó nǹkan bí 90 sí 95% síta. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni rọ nǹkan kan, iná ló ń jẹ. Tí iná bá lọ, ó parí nìyẹn, àyàfi tí sílíńdà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ni eruku. Ìyẹ̀fun ọyẹ́ á dí sísẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀rọ á gbóná, ọ́síjìn tó ń tú jáde á lọ sílẹ̀, nọ́ńbà iwájú ẹ̀ á sì máa sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Mo ti ṣí ọ̀kan rí tí ìyẹ̀fun inú ẹ̀ nípọn bí aṣọ òfì. Kéèyàn kàn yọ sísẹ́ yẹn, kó fọ̀ ọ́, kó jẹ́ kó gbẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Uganda wọ́n ti so irú ẹ̀rọ yìí mọ́ iná oòrùn láwọn ilé ìwòsàn tí iná kì í dúró; ìwádìí wọn tó jáde ní 2024 fi hàn pé ọmọ tó ń kú dín kù. Nílé wa níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Falade ti UCH Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ọ́síjìn nílé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Wọn ò kàn gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa há ẹ̀rọ ìka mọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbà wọlé.

Jagun_Manchester

Baba Risi, ẹ má bínú. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ICU, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín.

Ní 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Copenhagen, ní Denmark. Àwọn tó mú àyà wọn kò lè mí fúnra wọn mọ́, ẹ̀rọ tó lè bá wọn mí kò sì tó nǹkan rárá nílé ìwòsàn tó gbà wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń kú. Dókítà kan tó ń jẹ́ Bjørn Ibsen, iṣẹ́ kíkun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ tiẹ̀, ló ní kí wọ́n dá ihò sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan, kí wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́, kí èèyàn sì máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sí i. Ọmọ náà yè é. Bí wọ́n ṣe pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jọ nìyẹn, nǹkan bí 1,500, wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń tẹ àpò. Kò pẹ́ tí iye tó ń kú fi lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Látibẹ̀ ló ti wá sí wọn lọ́kàn pé kí wọ́n kó àwọn tó wà lẹ́nu ikú sínú yàrá kan, kí ẹnì kan máa ṣọ́ wọn.

Àpò yẹn wà nílé ìwòsàn Òṣogbo títí dòní. Tí iná bá lọ, òun ló kàn.

Iya_Ibeji_Okebaale

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Omo_Oroki, ṣé wọ́n ti fa dírípù sí màámi lára? Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọmọ mi lọ lọ́dún tó kọjá, wọn ò fa omi kankan sí i lára títí tí mo fi pariwo. Ọmọ tó rọ̀ jọwọlọ!

Noosi_Ale

Àǹtí mi, ó yé mi. Kò sí ìyá tí kì í fẹ́ rí dírípù. Bí àpò omi bá ti rọ̀ sókè báyìí, ọkàn mọ̀lẹ́bí á balẹ̀. Àmọ́ ó ní ìgbà tó ń pààyàn.

Ní 2011, Kathryn Maitland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde láti Kenya, Uganda àti Tanzania, lórí àwọn ọmọ 3,141 tí ibà líle mú tí ẹ̀jẹ̀ ò sì yí dáadáa lára wọn. Wọ́n da omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sára àwọn kan, wọn ò da á sára àwọn kan. Gbogbo ayé ló rò pé àwọn tó gba omi ni yóò yè jù. Láàárín wákàtí 48, nǹkan bí 10.6% lára àwọn tí wọ́n da omi sí lára ló kú. Àwọn tí wọn ò da á sí, 7.3%. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí. Ọmọ tó ń ṣu tó ń bì tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ o, omi ni yóò gbà. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀, omi míì ni kò fẹ́.

Iya_Ibeji_Okebaale

Háà. Mo bú nọ́ọ̀sì yẹn gan-an.

Omo_Oroki

Èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dé. Ikọ́ ife ni. Wọ́n ní oògùn ṣì ń ran irú tiwọn. Ìyàwó mi ò tíì dákẹ́ ẹkún. Àwọn kan nínú ẹbí ti ní ká lọ ra abọ́ àti ife ọ̀tọ̀ fún màámi, kí wọ́n máa gbé bọ́ìsì kótà.

Mo_Ti_Ri_I (Alẹ́kúwodò)

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹbí yẹn kí wọ́n fowó abọ́ ra ẹyin fún màámi. Abọ́ kì í kó ikọ́ ife, ṣíbí kì í kó o. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn hú síta ló ń gbé e. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ ṣí!

Mo ti ní i rí, mo sì ti bọ́ ńbẹ̀. Ìgbà tó mú mi, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní GeneXpert ni wọ́n fi yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò. Tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ, kò ju wákàtí méjì lọ, ó ti sọ bóyá kòkòrò wà ńbẹ̀, ó sì sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan lára àwọn oògùn ikọ́ ife, á ran án. 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ní i láyé àtijọ́, máíkírósíkópù ni wọ́n fi wo tiẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan, ó sì wà ńbẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni màámi máa lò ó. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò, ọ̀fẹ́ ni oògùn, nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó oògùn, ẹ kúrò níwájú ẹ̀. Ẹ tètè sọ fún màámi pé ìtọ̀ wọn máa pọ́n bíi ti ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n má rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ìyá kan tá a jọ ń gba oògùn torí ìyẹn dáwọ́ dúró láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ara bá ti ń yá ní nǹkan bí oṣù kejì, ó máa ṣe wọ́n bíi kí wọ́n dá a dúró. Ibẹ̀ gan-an ni kí ìyàwó yín ti máa ṣọ́ wọn.

Noosi_Ale

Ẹ káre! Kí n fi kan kún un. Èyí tí oògùn kì í ràn náà ti ní ọ̀nà báyìí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á lò ó tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó máa ń di àwọn míì létí pa. Láti 2022, àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí èyí tó jẹ́ oṣù mẹ́fà, oògùn oníhóró nìkan.

Omo_Oroki, àwọn ọmọ mélòó ló ń gbé pẹ̀lú màámi?

Omo_Oroki

Méjì, èyí àbúrò ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kò lè pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Noosi_Ale

Kò dìgbà tó bá pọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ ọmọ náà ni wọ́n á gbà, ẹ̀rọ kan náà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ọmọdé ń gbé mì ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ kó gbogbo ilé lọ. Ẹni tí kò bá ní in, pàápàá ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún, wọ́n á fún un ní oògùn ìdènà. Ti àgbàlagbà, oríṣi kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Iya_Alaro

Èmi ò mu sìgá rí láyé mi, dókítà ní èéfín igi ìdáná ló ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, ìdí ìkòkò gàrí ni mo ti lo ọjọ́ orí mi. Ọmọ mi kà lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ tuntun ti jáde fún un.

Jagun_Manchester

Dupilumab ni, màámi, 2024 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún irú àìsàn yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló bá lára mu, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀, owó ẹ̀ sì ń bani lẹ́rù. Ẹ kọ́kọ́ kúrò nídìí èéfín, ẹ máa lo ínhélà tí dókítà kọ fún yín.

Sikiru_Samiili

Ínhélà tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn tèmi. Ásímà ń ṣe ọmọ mi obìnrin. Láti 2023 ni owó ẹ̀ ti fò lọ sókè, tí mo bá sì rà á, ìdajì ló ń tú sí i lẹ́nu, kì í dé àyà.

Noosi_Ale

Bùọ̀dá Sikiru, ìgò ike lè tún ìyẹn ṣe. Ní 1999 àwọn dókítà ní Cape Town dán an wò fún àwọn ọmọ tí ásímà ń ṣe, ìgò ike 500ml ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi.

Ẹ wá ìgò omi 50cl tó mọ́. Ẹ fi ìdí ínhélà, ibi tí wọ́n ń fẹnu mú, tẹ ìsàlẹ̀ ìgò, kẹ́ ẹ fi báírò yí i ká. Ẹ yan wáyà nínú iná, ẹ fi gé ojú ibi tẹ́ ẹ fà, kó fún pinpin, kí afẹ́fẹ́ má ráàyè sá. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dá gbẹ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi aṣọ nù ún, oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ara ike. Ọmọ á fi ẹnu mú ọrùn ìgò, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó mí wọlé mí jáde bíi márùn-ún sí mẹ́fà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ òmíràn.

Ohun kan tún wà. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù nìkan ló ń lò, ẹ padà lọ bá dókítà. Láti 2019 ni àwọn àgbà tó ń ṣe ìlànà ásímà lágbàáyé ti ní kí wọ́n má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lórí ìyẹn nìkan. Ó ń ṣí ọ̀nà ni, kò wo egbò tó wà nínú ẹ̀. Kó sì má wá bá yín ní sàmíìlì mọ́, eruku igi yẹn ò da fún un.

Sikiru_Samiili

Ẹ ṣeun, àǹtí nọ́ọ̀sì. Ìgò 75cl ló wà nílé. Ṣé kò lè ṣe é?

Noosi_Ale

50cl ni wọ́n dán wò. Ẹ ra ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kiri ní Ọláìyá, kẹ́ ẹ mu omi inú ẹ̀.